Òkun Ibo Nìyí?

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, Alájì kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ilé oúnjẹ ló ní níbí n'Ílọrin, ọbẹ̀ ẹja ló sì sọ ibẹ̀ di ibi tí èrò ń wọ́ lọ. Ó ní òun ń tún ibẹ̀ ṣe kí Iléyá tó dé, òun fẹ́ àwòrán òkun tí yóò gba ògiri tó kọjú sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tó bá ń wọlé rí omi kó tó rí ẹja. Odindi píláíwúùdù kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́rin. "Òkun ni mo wí o, Ìyá Ìbejì. Kì í ṣe odò." A dúnàádúrà, ó san ìdajì, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó lọ.

Mi ò sọ fún un pé mi ò fojú kan òkun rí.

Mi ò kà á sí irọ́ nígbà náà. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń fi ọ̀dà jẹun. Bọ́ọ̀dù ni mo fi bẹ̀rẹ̀: orúkọ télọ̀, orí obìnrin mẹ́fà mẹ́fà fún àwọn onídìrí pẹ̀lú orúkọ irun kọ̀ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀, kó tó wá di pé mò ń ya ojú èèyàn, òkè àti igbó. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn mo ti ya òkun tó mẹ́wàá fún ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti fún pálọ̀ àwọn èèyàn, kò sì sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Bí ọ̀gá mi ṣe ń yà á ni mo ṣe ń yà á: búlúù lókè, búlúù tó ki jù bẹ́ẹ̀ lọ nísàlẹ̀, iyanrìn funfun, igi àgbọn méjì tó forí kanra, ọkọ̀ kékeré kan, oòrùn tó ń wọ̀. Ara kàlẹ́ńdà ni ọ̀gá mi ti rí tirẹ̀. Ọmọ Ìgbómìnà ni mí, ìtòsí Ajàṣẹ́-Ìpo ni wọ́n bí mi sí. Omi tó fẹ̀ jù tí mo ti rí ni Ọya ní Jẹ́bà. Èyí tó ga jù ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Òwù, tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní ọ̀nà Ọ̀wá-Kájọlà, tí ìrì rẹ̀ ń rẹ èèyàn láti òkèèrè. Ilẹ̀ ni mo mọ̀.

Búlúù náà kò sì ṣàdédé dé ọwọ́ mi. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi ní ìwé kan tí àwọn àwòrán Yusuf Grillo wà nínú rẹ̀. Ọmọ Èkó ni Grillo, 1934 ni wọ́n bí i, 2021 ló kú, òun ló sì ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba College of Technology fún ìgbà pípẹ́. Bó ṣe ń lo búlúù kò jọ ti ẹlòmíì: ojú èèyàn, gèlè, ọwọ́ onílù, gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé inú ìkòkò aró ni wọ́n ti jáde. Mo máa ń wo ìwé yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà lọ́kàn mi pé ohun tó bá jinlẹ̀, búlúù ni àwọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ya ti Alájì. Ó dán, ó mọ́, àwọn ọmọṣẹ́ mi fi fóònù yà á sórí Whatsapp wọn.

Ó ku bí ọjọ́ mélòó kan kí n gbé e lọ ni Ìyá Ẹlẹ́ja yà sí ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ tí gbogbo wa ń pè é nìyẹn. Ìlàjẹ ni, láti etí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó sì ti pẹ́ tó ti ń kó ẹja yíyan àti edé wá ta n'Ílọrin. Òun náà ló ń kó ẹja gbígbẹ fún Alájì. Bọ́ọ̀dù kékeré fún ìsọ̀ rẹ̀ ló wá ṣe. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo fún un níjòókòó, kò jókòó. Iwájú àwòrán náà ló dúró sí.

"Níbo nìyí, ọmọ mi?"

"Òkun ni, mà."

"Òkun ibo?"

Mo lanu, kò sí nǹkan tó jáde. Mo ti ń ya òkun bọ̀ láti ìgbà tí mo ti dáṣẹ́ sílẹ̀ fúnra mi, n kò sì rò ó rí pé a lè bi òkun ní orúkọ ìlú rẹ̀.

Kò rẹ́rìn-ín mi. Ó súnmọ́ pákó náà, ó ń fi ìka nà án bí ẹni tó ń ka owó. "Ilé tó o kọ́ sí bèbè omi yìí kò lẹ́sẹ̀. Bí omi bá wọlé lóru, orí kí ni wọn á gùn? Ọkọ̀ yìí, àwọ̀n rẹ̀ dà? Ta ló ń tù ú? Igi àgbọn yìí sì dúró ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Ṣé kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ ni?" Ó tún wò ó títí. "Ó rẹwà o, ọmọ mi. Mi ò kàn mọ ibẹ̀ ni."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ń rí àṣìṣe kan tí òun gan-an kò tíì dárúkọ. Mo ti fa ìlà ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé omi sókè gan-an, bí ẹni tó dúró sórí Òkè Sóbì tó ń wo ilẹ̀ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó dúró sílẹ̀ gbalaja ni mo ṣe ya ọkọ̀ àti ilé. Ojú méjì ni àwòrán náà ní. Ẹni tó bá dúró létí omi, ọ̀gangan ojú rẹ̀ ni ìlà yẹn máa ń wà. Bó bá jókòó, ìlà náà á bá a sọ̀ kalẹ̀. Orí gbogbo ẹni tí ìdúró wọn bá dọ́gba pẹ̀lú tirẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ì báà wà nítòsí, ì báà wà lọ́nà jíjìn, ìlà yẹn ni yóò kàn. Mo mọ òfin yìí lórí bébà. Orí òkè ni mo ti dàgbà, ojú òkè ni mo fi ń wo ohun gbogbo.

Mo yí pákó náà kọjú sógiri. Ìyá ní lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ òun ń lọ kó ọjà nílé, bí mo bá lè jókòó lọ́kọ̀ kí n bá òun lọ. Ọkọ mi béèrè bóyá Alájì ló ní kí n lọ. Mo ní rárá. Ó ní ṣé owó Alájì yóò tó o. Mo ní kò ní tó. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní kí n mú súwẹ́tà dání, pé atẹ́gùn ibẹ̀ kì í ṣe eré.

A gba Òmù-Àrán, a gba ilẹ̀ Èkìtì kọjá, a dé Àkúrẹ́, Oǹdó, Orè, Òkìtìpupa. Ohun tí mo fojú tẹ̀ lé lójú ọ̀nà ni bí òkè ṣe ń tán. Ní Èkìtì wọ́n ṣì ga gogoro. Lẹ́yìn Orè, ilẹ̀ tẹ́, igi ga, ilẹ̀ sì tutù. Ní Igbókòdá, títì parí sómi. Ọkọ̀ ojú omi la wọ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ ń pariwo lẹ́yìn wa, a ń gba ojú omi tóóró kan kọjá láàárín koríko àti igi tí gbòǹgbò wọn yọ jáde láti inú ẹrọ̀fọ̀ bí ẹsẹ̀ alákàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya nǹkan síwèé láti inú ọkọ̀. Gbogbo ìlà tí mo fà ló gbọ̀n.

Ayétòrò ni Ìyá ti wá. Ọ̀pọ̀ ló ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ní 1947 ni àwọn ará ìjọ kan tẹ̀ ẹ́ dó sétí òkun, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń ná owó, ẹnì kan kò ní tara rẹ̀, wọ́n sì fi pákó tẹ́ ọ̀nà lórí ẹrọ̀fọ̀ láti ilé dé ilé. Ìgbà kan wà tí àwọn àlejò ń ti ìlú òkèèrè wá wo bí wọ́n ṣe ń gbé. Èyí tí mo bá kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Òkun ti ń jẹ ìlú náà láti ọdún pípẹ́, ó ti kó ilé lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìyá mú mi dé etí omi kí ó tó gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó nawọ́ síbi tí àwọn òpó kan yọ lójú omi, kò sí ohunkóhun lórí wọn. "Ilé ìyá mi nìyẹn." Ó yíjú padà, ó ní ká lọ jẹun.

Èyí tó kù ni omi náà fúnra rẹ̀. Kò ní búlúù kankan. Àwọ̀ tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí ni. Ìgbì kan á gbéra, á dúró díẹ̀, á wó, ìfófòó rẹ̀ pàápàá kò funfun báláú, ó dà bí aṣọ funfun tí wọ́n fọ̀ lómi odò. Mo wá iyanrìn funfun títí, n kò rí. Ẹrẹ̀ ni, dúdú, ó rọ̀, ó ń gbé èèyàn mì dé ọrùn ẹsẹ̀.

Nígbà tó yá ni mo wá mọ̀dí rẹ̀. Iyanrìn ni etí òkun láti Bàdágìrì gba Èkó kọjá lọ sí Lẹ́kí. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń wọ ilẹ̀ Ìlàjẹ, iyanrìn tán, ẹrẹ̀ ló gba ibẹ̀ títí dé ẹnu Odò Benin. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pe ibẹ̀ ní etíkun ẹrẹ̀ Màhìn. Omi tó mọ́ tó sì jìn máa ń gbé pupa inú ìmọ́lẹ̀ mì, búlúù ló máa ń dá padà sí ojú wa. Àmọ́ bí ẹrẹ̀ lẹ́búlẹ́bú bá wà nínú omi, ẹrẹ̀ ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà kó tó jìn rárá, àwọ̀ ẹrẹ̀ náà la ó sì rí. Ìgbì tó ń lu bèbè kò sì jẹ́ kí ẹrẹ̀ náà sinmi.

Báyìí, ibi tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ kìíní, mo jókòó sórí àga, mo gbé páálí kékeré lé itan, mo ṣí ọ̀dà, mo ya òkun, nígbà tí mo parí, búlúù ló jẹ́. Omi tíì wà níwájú mi kedere. Ojú mi ń wo òkun, ọwọ́ mi ń ya kàlẹ́ńdà. Ọmọ ọmọ Ìyá, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Màmá, èwo lẹ̀ ń wò?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́ mọ̀ ni, ó ń wo ọ̀nà tí mo kọjú sí bóyá òkun mìíràn wà lápá ibẹ̀. Mo ní kó lọ bu omi òkun wá fún mi nínú abọ́. Mo gbé abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà mi. N kò tún ní ohun tí mo lè sọ.

Mo dé agolo búlúù, mo fi í sí ìsàlẹ̀ báàgì. Ọ̀dà funfun, pupa ilẹ̀, dúdú, àti yẹ́lò díẹ̀ ni mo mú. Àwọn bàbá wa kò kúkú pín àwọ̀ ju mẹ́ta lọ, funfun, pupa, dúdú, gbogbo ìyókù ń bẹ lábẹ́ wọn. Mo ti gbọ́ èyí láti kékeré, mo rò pé àìní ọ̀rọ̀ ló fà á. Ní Ayétòrò ni mo rí i pé ètò ni. Mo po pupa ilẹ̀ mọ́ funfun, mo fi dúdú bíńtín sí i, omi náà dé. Fún òjìji abẹ́ ìgbì, mo po dúdú àti funfun nìkan, àwọ̀ eérú lásán. Nígbà tí mo fi eérú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa ilẹ̀, ó di búlúù lójú mi. Mo gbé páálí náà súnmọ́ ojú: eérú ni. Mo gbé e jìnnà: búlúù. Ẹgbẹ́ tí àwọ̀ bá bọ́ sí ló ń sọ orúkọ tá a ó pè é. Búlúù tí mo ti ń rà lágolo láti ọdún yìí wá, mo rí i níbi tí ẹyọ rẹ̀ kan kò sí.

Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ tún kọ́ mi ní nǹkan míì. Ìwọ̀ oòrùn ni òkun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí. Láàárọ̀, oòrùn ń ti ẹ̀yìn mi tàn sójú ìgbì, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ sì hàn kedere. Ṣùgbọ́n ibi tí omi bá tẹ́ láàárín ìgbì méjì, ojú ọ̀run ló ń fi hàn, kì í ṣe ara rẹ̀. Nítorí náà, kò sí bí mo ṣe lè fi àwọ̀ kan ṣoṣo kun òkun, ìgbì tó dìde ní tirẹ̀, èyí tó dùbúlẹ̀ ní tirẹ̀. Nírọ̀lẹ́, oòrùn ti bọ́ sí òdìkejì, gbogbo omi di fàdákà, ọkọ̀ àti apẹja di dúdú kirimú. Etí ìgbì tó tinrín, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti lè là á já, á mọ́ bí oyin fún ìṣẹ́jú kan, á sì wó. Mo gbìyànjú láti mú oyin yẹn ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan ló bọ́ sí i fún mi, lórí páálí tí kò ju ìwé ìkọ̀wé lọ. Mi ò ní ta páálí yẹn.

Mo ti kà nípa ayàwòrán ọmọ Faransé kan rí, Eugène Boudin, tí wọ́n bí ní 1824 ní Honfleur létí òkun. Òun ló mú Claude Monet, ayàwòrán Faransé tó wá lókìkí, jáde síta láti yàwòrán nígbà tí Monet ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ kéékèèké, Boudin a máa kọ ọjọ́, wákàtí, àti irú afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́. Nígbà tí mo kà á, mo rò pé àṣejù ni. Ní ọjọ́ kejì ní Ayétòrò, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́: "Aago méje àárọ̀, afẹ́fẹ́ láti inú òkun, omi ń kún." Torí òkun ń kún, ó sì ń fà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, bèbè tó o yà láàárọ̀ lè má sí níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan náà wà, Winslow Homer, tó lọ bá àwọn apẹja gbé ní abúlé Cullercoats n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1881 sí 1882. Èyí tí mo rántí nípa tirẹ̀ ni pé àwọn obìnrin ló yà jù, àwọn tó ń gbé agbọ̀n, tó ń tún àwọ̀n ṣe, tó ń dúró de ọkọ̀. Ó yé mi nígbà tí mo rí àwọn obìnrin Ayétòrò. Ọkùnrin wà lójú omi níbi tí ojú mi kò dé. Ní orí ilẹ̀, ọwọ́ obìnrin ni gbogbo nǹkan wà: edé tí wọ́n sá sórí ẹní títí tó fi pọ́n, èéfín, igi ìdáná, ọmọ.

Iṣẹ́ náà bàjẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó yẹ kí n sọ ọ́. Ọ̀dà gílọ́ọ̀sì tí à ń fi kọ bọ́ọ̀dù ni mo gbé lọ, èyí tó máa ń gbẹ n'Ílọrin kí ilẹ̀ tó mọ́. Atẹ́gùn ibẹ̀ kún fún omi, ọ̀dà kò gbẹ. Mo to páálí léra lálẹ́ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti lẹ̀ pọ̀. Mẹ́rìnlá ni mo yà, mẹ́rin ya mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ Ìyá tó jẹ́ obìnrin ló gba àwọn tó kù lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ wọn sí òkè àtẹ tí wọ́n fi ń yan ẹja, níbi tí ooru dé tí iná kò dé. Wọ́n gbẹ. Funfun inú wọn pọ́n rúsúrúsú díẹ̀, ó sì bá omi ibẹ̀ mu ju bí mo ṣe pò ó lọ.

Nígbà tí mo padà dé, mo ra píláíwúùdù mìíràn lówó ara mi, mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ilé tó lẹ́sẹ̀, ọ̀nà pákó, àtẹ edé, ọkọ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú àwọ̀n, ìlà ojú ọ̀run ní ọ̀gangan ojú ẹni tó dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, mo sì máa ń lọ dúró lórí afárá odò Àsà n'Ílọrin níbí láti wo bí omi ẹrẹ̀ ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀, nígbà tí ọwọ́ mi bá ti fẹ́ gbàgbé. Àsà ń ṣàn lọ sí àríwá ni, títí omi rẹ̀ fi dé inú Ọya, Ọya ló ń gbé e lọ sókun. Ẹrẹ̀ tí mò ń wò lábẹ́ afárá kò dúró, òun náà ń lọ.

Alájì dé. Ó wo àwòrán náà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyá Ìbejì, Àsà lo yà fún mi?"

Mo ní òkun Ìlàjẹ ni, mo ní mo lọ síbẹ̀, mo fojú ara mi rí i. Ohùn mi ti ń ga, n kò fura.

"Èmi náà fojú ara mi rí òkun. Ní Jíddà, lọ́dún tí mo lọ Mẹ́kà. Kì í ṣe omi ẹrẹ̀."

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Mo ti náwó, mo ti jókòó sínú ẹrẹ̀, páálí mi ti ya, ẹni tó rí òkun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló wá ń sọ fún mi bó ṣe rí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mo ti ya ẹnu sọ ohun tí kò yẹ kí obìnrin kékeré sọ sí àgbà. Ohun tó gbà mí ni ìbéèrè Ìyá Ẹlẹ́ja. Òkun ibo? Alájì ti dáhùn rẹ̀ kí n tó bi í. Ó ní Jíddà. Àwòrán mi àkọ́kọ́ kò lè dá irú èsì bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mo gbé àga fún un. Mo ní, "Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí fún mi. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Ó jókòó, ó di ojú. Ohun tó sọ yà mí lẹ́nu, nítorí ẹni tó ń wo nǹkan dáadáa ni, èmi ni n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní lẹ́yìn ìrun àsárì ni. Ó ní omi tó wà lẹ́sẹ̀ òun mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òun rí ìka ẹsẹ̀ òun. Bó ṣe ń lọ síwájú ó dà bí omi tí wọ́n gbo ewé sí, kò ki. Lẹ́yìn náà, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, ó di etù. "Etù tí àwọn ará ilé mi ń hun," ó wí, "èyí tó ṣú dúdú tán." Kò sí igi. Òkúta àti iyanrìn, àti ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ débi pé ó ń dun èèyàn lójú.

Mo gbà á gbọ́ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Òkun Pupa ni omi Jíddà, odò kankan tó ń ṣàn yípo ọdún kò wọ inú rẹ̀, aṣálẹ̀ ló yí i ká. Kò sẹ́ni tó ń gbé ẹrẹ̀ lọ bá a. Òkun tí Alájì rí àti èyí tí Ìyá Ẹlẹ́ja mọ̀, òótọ́ ni méjèèjì. Ilẹ̀ tó wà létí omi ló ń sọ bí omi ṣe máa rí.

Mo jẹ́wọ́ fún un níbẹ̀ pé n kò rí òkun rí nígbà tí mo gba owó rẹ̀. Ó wò mí títí. Ó ní, "Kí ló dé tí o kò sọ?" Mo ní ojú tì mí. Ó ní kí n gbé èyí tí mo yà àkọ́kọ́ wá kí òun rí i. Ó wò ó, ó ní búlúù náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí òun dé nìyẹn.

Bí a ṣe wá yanjú rẹ̀ nìyí. Mo fi sáńpépà họ pákó àkọ́kọ́ yẹn dànù, igi àgbọn, ọkọ̀, ilé, gbogbo rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ méjì ni Alájì fi wá jókòó tì mí, ó ń sọ, mò ń yà. "Ó ti ki jù." "Ibi yẹn mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ." "Bẹ́ẹ̀ ni. Dúró síbẹ̀." Ọmọ rẹ̀ kan gbé etù tàtijọ́ wá kí n fi po àwọ̀. Agolo búlúù jáde láti ìsàlẹ̀ báàgì, mo sì lò ó láìbẹ̀rù. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn pákó náà: "Jíddà, lẹ́yìn àsárì, bí Alájì ṣe rí i." Òun ló wà lára ògiri ilé oúnjẹ náà títí di òní. Ó san owó rẹ̀ pé, kò yọ kọ́bọ̀.

Àwòrán Ayétòrò wà ní ṣọ́ọ̀bù fún oṣù kan. Àwọn kan ní kí n fi búlúù díẹ̀ sí i, pé yóò tà. Mi ò fi sí i. Lọ́jọ́ tí Ìyá Ẹlẹ́ja wá gba bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó tún dúró bíi ti àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí kò bi mí níbo. Ìka rẹ̀ ń rìn lórí ọ̀nà pákó, ó ń dárúkọ ẹni tó ni ilé kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé àwọn òpó tó yọ lójú omi. Ó kà wọ́n.

"Márùn-ún lo yà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Márùn-ún ni mo rí."

"Mẹ́fà ni. Ọ̀kan kúrú. Bí omi bá kún, ó máa ń bò ó."

Mo lọ mú páálí tí mo fi yà á, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. "Aago méje àárọ̀, afẹ́fẹ́ láti inú òkun, omi ń kún." Òpó kẹfà wà níbẹ̀ ní wákàtí yẹn, abẹ́ omi ló wà. Mi ò lè yà á, nítorí n kò rí i. Ṣùgbọ́n omi tó bá gba orí òpó kọjá kò lè rìn bí omi tó wà lófìfo. Mo tún wo páálí náà dáadáa. Funfun kékeré kan wà níbẹ̀, lápá ọ̀tún òpó karùn-ún, tí mo yà nítorí pé mo rí i, tí n kò mọ ohun tó fà á, tí mo sì fò nígbà tí mò ń gbé e sórí pákó ńlá.

Mo po funfun mọ́ pupa ilẹ̀ bíńtín, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù yí i ká lẹ́ẹ̀kan, níbi tí omi ti ń ṣẹ́ lórí ohun tí kò hàn. Ìyá súnmọ́ ọn.

"Ó pé," ó wí. Ó bi mí ní iye tó jẹ́, ó ní ẹja lòun máa fi san díẹ̀díẹ̀, mo ní kó gbé e lọ.